Mo fẹ́ dá ọ́fíìsì ẹjọ́ tèmi sílẹ̀ ní Òṣogbo: kí ni ìlànà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ń béèrè lọ́wọ́ mi?

Agbẹjọ́rò_Ìgbọ̀nà kọ pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbà mí wọlé sí iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá mi ní Òkè-Fìà, ọ̀gá mi sì ti yọ̀ǹda fún mi báyìí pé kí n lọ dá dúró. Mo ti gba yàrá méjì sí Ìgbọ̀nà. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ gbájú mọ́: ẹjọ́ ilẹ̀, ẹjọ́ ogún, ẹjọ́ gbèsè, àti ẹjọ́ ọ̀daràn níwọ̀nba. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ẹlòmíràn ló ń bójú tó owó, òun náà ló ń kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sílẹ̀ tó sì ń bá oníbàárà ṣe àdéhùn; iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ìwé ẹjọ́ kí n sì dúró níwájú adájọ́. Mo ti ka Ìlànà Ìwà Iṣẹ́ fún Àwọn Agbẹjọ́rò ti ọdún 2023, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, tó sì rọ́pò ti ọdún 2007. Ohun tí mo ń wá lọ́dọ̀ yín ni ibi tí ìlànà náà ti máa ń kan ẹni tó ń ṣe ẹjọ́ lójoojúmọ́, pàápàá ní ìlú bíi tiwa tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n_ÒkèFìà fèsì pé:

Àbúrò, a bá ọ yọ̀. Ibi owó ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ mọ́ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ó gbèrò ibi. Láti ọdún 1964 ni òfin ti wà lórí àkáǹtì àwọn agbẹjọ́rò, ohun tó sì ń sọ kò lọ́jú pọ̀: owó oníbàárà kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ owó tìrẹ. Kí o tó gbé pátákó orúkọ rẹ kọ́, lọ sí báǹkì kí o ṣí àkáǹtì méjì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, èkejì fún owó àwọn oníbàárà, kí orúkọ tó wà lórí èkejì sì fi hàn gbangba pé owó oníbàárà ló wà níbẹ̀.

Wò ó báyìí. Ẹnìkan ti Ìkìrun wá, ó kó 400,000 náírà lé ọ lọ́wọ́ pé kí o bá òun pe ẹni tó jẹ òun ní gbèsè lẹ́jọ́. Má ṣe kọ rìsíìtì kan ṣoṣo tó sọ pé “owó ẹjọ́”. Jókòó tì í, kí ẹ jọ pín in lójú ara yín sórí ìwé: eléyìí ni owó iṣẹ́ mi, eléyìí ni owó tí a ó fi forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀ tí a ó sì fi jíṣẹ́ ìwé fún olùjẹ́jọ́, eléyìí ni owó ọkọ̀. Kí òun náà fọwọ́ sí i, kí o fún un ní ẹ̀dà kan. Apá tó jẹ́ owó kóòtù yóò wọ àkáǹtì oníbàárà, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí o ó fi san án, tí o ó gba rìsíìtì ìjọba, tí o ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fáìlì. Bí ó bá di oṣù mẹ́fà tó bi ọ́ pé níbo ni owó òun wọlé sí, fáìlì ni yóò dá a lóhùn.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ìgbà tí ẹ bá jàre. Olùjẹ́jọ́ lè san owó ìdájọ́ náà sọ́wọ́ rẹ, ó sì lè jẹ́ pé oníbàárà rẹ ṣì jẹ ọ́ ní owó iṣẹ́. Má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ gé tìrẹ kúrò níbẹ̀ láìsí àdéhùn tó fún ọ láyè. Jẹ́ kí ó mọ̀ lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì ṣírò rẹ̀ fún un láìfi falẹ̀. Owó oníbàárà wà lára ohun tó ti gbé ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí, ìgbìmọ̀ náà sì lágbára láti bá ènìyàn wí, láti dá a dúró fún ìgbà kan, tàbí láti pàṣẹ pé kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ.

Ní ti owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, Àṣẹ lórí owó iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ti jáde ní ọdún 2023, kà á kí o tó dá iye lé ẹnikẹ́ni. Kọ àdéhùn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Bí oníbàárà bá kọ̀ tí kò san, apá 16 nínú Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò ní kí o kọ ìwé owó iṣẹ́ tó to ohun pàtàkì tí o ṣe lẹ́sẹẹsẹ, kí o fi jíṣẹ́ fún un, kí oṣù kan sì kọjá kí o tó lè pè é lẹ́jọ́. Àwọn onílẹ̀ wa níbí sì máa ń wí pé, “Lọ́yà, a ò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti jàre, a ó gé pulọ́ọ̀tì méjì fún yín.” Ṣọ́ra níbẹ̀. Ìlànà gba kí owó iṣẹ́ dúró lórí àbájáde ẹjọ́ bí kì í bá ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, bí ó bá mọ níwọ̀n, tí o sì ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí fún wọn, tí o fún wọn láyè láti yan kí wọ́n san owó iṣẹ́ bí a ṣe ń san án fún ẹlòmíràn. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, kò gbà á rárá. Ṣùgbọ́n kí o ra ilẹ̀ tí ẹ ń jà lé lórí, tàbí kí o dọ́gbọ́n di alájọpín nínú rẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, ìyẹn ti kọjá ààlà.

Ìyá_Amòfin fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti owó. Ọjọ́ ni tèmi. Ẹ ra dáyárì ńlá méjì, kí ọ̀kan wà lórí tábìlì akọ̀wé, kí èkejì wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì jọ fi wọ́n wé ara wọn ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ti ọ́fíìsì. Fóònù dára, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ lè kú, wọ́n sì lè jí i. Fún ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni ẹ ó kọ: ọjọ́ tí ẹ ó padà síwájú adájọ́, ohun tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ náà, àti ọjọ́ tí àkókò ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ yóò parí. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé.

Ẹ rántí pé bí a bá fẹ́ gbé ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọjọ́ 14 péré ni òfin fún wa lórí ìpinnu tí adájọ́ ṣe nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta sì ni lórí ìdájọ́ ìkẹyìn. Ti ẹjọ́ ọ̀daràn jẹ́ ọjọ́ 90. Ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ gan-an ni ẹ ó ti máa kà á, ẹ má dúró de ẹ̀dà ìdájọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Apá 9 nínú Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò kò sì dá wa sí bí àìbìkítà wa bá pa oníbàárà lára. Ohun tí a ṣe nígbà tí a dúró níwájú ilé-ẹjọ́ nìkan ni ààbò àtijọ́ tí kì í jẹ́ kí wọ́n pe agbẹjọ́rò lẹ́jọ́ ṣì bò.

Ti ìfọwọ́sí ńkọ́? Nínú ẹjọ́ Okafor àti Nweke ní ọdún 2007, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ kedere pé orúkọ ọ́fíìsì kò lè fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́. Agbẹjọ́rò tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn. Ẹ wo bí èyí ti burú tó fún oníbàárà: ẹjọ́ tí ó ti ń ná owó sí fún ọdún mẹ́wàá lè dà nù nítorí ìlà kan ní ìsàlẹ̀ ìwé, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó mú un wá sí kóòtù. Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò náà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Nínú ẹjọ́ Yaki àti Bagudu ní ọdún 2015, wọ́n ní ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kì í ṣe òfo, ó ṣeé túnṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ó fi fún ẹnìkejì láyè láti fi ìyẹn dá yín dúró? Owó ọdọọdún tí agbẹjọ́rò ń san kí ó lè máa ṣiṣẹ́, ẹ san án kí oṣù kẹta tó parí.

Ọmọ_ỌjàỌba fèsì pé:

Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí, nítorí pé òun ni yóò kún ọ́fíìsì yín jù, òun sì ni ibi tí ìlànà tó kọ̀ pé kí agbẹjọ́rò sin ọ̀gá méjì ti le jù lọ láti pa mọ́ ní Òṣogbo.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí. Àwọn bàbá márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn jẹ́ ọmọ ẹbí kan, ajagungbalẹ̀ ti wọ ilẹ̀ àwọn. Olórí ẹbí jókòó sí àárín, òun ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá di ti owó, ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì sọ nǹkan kan ni yóò ki ọwọ́ bọ àpò. Ẹ bi ara yín léèrè lójú ẹsẹ̀ pé ta ni oníbàárà mi nínú wọn? Ẹbí ni, olórí ẹbí ni, tàbí ẹni tó mówó wá, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti tà lára ilẹ̀ náà? Ẹ má gba owó kí ẹ tó mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó san owó fún oníbàárà kò di oníbàárà nítorí owó tí ó san, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pàṣẹ bí ẹ ó ṣe ṣe ẹjọ́ náà.

Òfin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ fi hàn pé ire wọn lè má dọ́gba láti ọjọ́ kìíní. Bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, àwọn tó kù lè mú kí ilé-ẹjọ́ wọ́gi lé e. Bí àwọn àgbà ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Láti inú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959 ni èyí ti fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, olórí ẹbí tó jókòó síwájú yín lè jẹ́ ẹni tí àwọn tó tẹ̀ lé e yóò pè lẹ́jọ́ bí ọdún bá yí po.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ní kí wọ́n padà sílé lọ ṣe ìpàdé ẹbí. Kí ìdí igi kọ̀ọ̀kan rán ẹnìkan wá, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn gbà kí a pe ẹjọ́, kí wọ́n dárúkọ àwọn tí yóò dúró fún ẹbí nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ àti ẹni tí mo lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí a ka ìwé náà fún un kí ó tó tẹ̀ka. Lẹ́yìn náà ni mo máa kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹbí lápapọ̀ ni mo ń ṣojú fún, àti pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìdí igi kan àti òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn kan máa ń bínú sí lẹ́tà yìí, wọ́n ní mo ń ṣépè fún ẹbí àwọn. Mo máa ń ṣàlàyé fún wọn pé àṣírí tí gbogbo wọn jọ sọ fún mi ni mo ń dáàbò bò. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pàápàá láàárín ọmọ ìyá.

Ohun kan kù lórí ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ta ilẹ̀ náà, tàbí tí ẹ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, tí ẹ sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pè yín wá jẹ́rìí sí i, ẹ fún agbẹjọ́rò mìíràn ní ẹjọ́ náà. Ẹnìkan kò lè wà lórí ìjókòó agbẹjọ́rò kí ó tún wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan náà.

Agbẹjọ́rò_Ìgbọ̀nà kọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Bí mo bá ti wà nínú ẹjọ́ dé ìdajì kí ìjà ẹbí tó ṣẹlẹ̀, tàbí kí oníbàárà tó dáwọ́ owó dúró ńkọ́? Ṣé mo kàn lè má lọ sí kóòtù mọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n_ÒkèFìà fèsì pé:

Rárá o. Bí orúkọ rẹ bá ti wà nínú ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ. O nílò ìdí tó dára: ire méjì tó forí gbárí, oníbàárà tó fẹ́ kí o ṣe ohun tí òfin kọ̀, tàbí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san ohun tó gbà pé òun yóò san. Fún oníbàárà ní ìwé ìkìlọ̀ ní àsìkò tó máa lè wá ẹlòmíràn, jẹ́ kí agbẹjọ́rò ẹnìkejì mọ̀, kí o sì gba ìyọ̀ǹda ilé-ẹjọ́. Má ṣe é ní ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti wà nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Owó tí o gbà tí o kò tíì fi ṣiṣẹ́, dá a padà. Bí ó bá jẹ́ ìjà ẹbí ló lé ọ kúrò, o kúrò lẹ́yìn gbogbo wọn ni. Má ṣe fi apá kan sílẹ̀ kí o lọ dúró ti apá kejì.

Oníbàárà_Ẹdẹ fèsì pé:

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè. Ẹjọ́ ogún bàbá wa wà ní kóòtù fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó dùn wá jù kọ́ ni pé ó pẹ́. Ohun tó dùn wá ni pé a máa ń ti Ẹdẹ wá, a ó jókòó láti òwúrọ̀, a ó sì gbọ́ láti ẹnu akọ̀wé kóòtù pé wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, agbẹjọ́rò wa sì ti mọ̀. Ìpè kan péré ni ìbá tó. Bí ẹnìkejì bá sì mú ọ̀rọ̀ ìlàjà wá, ẹ sọ ọ́ fún wa kí ẹ tó dáhùn, nítorí àwa la ni ẹjọ́.

Ìyá_Amòfin fèsì pé:

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, sà. Ohun tí ìlànà béèrè gan-an nìyẹn: kí oníbàárà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò pinnu lórí ìlàjà. Akọ̀wé ọ́fíìsì tó bá kọ ọjọ́ tuntun sínú dáyárì ni kí ó pe oníbàárà lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kọ wákàtí tó pè é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lórí àṣírí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Apá 192 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò gbà kí a tú ohun tí oníbàárà bá wa sọ síta láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé ohun tó lòdì sí òfin ló fẹ́ fi ṣe, tàbí tí a bá rí i pé ó ti hu ìwà ọ̀daràn tàbí jìbìtì láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo iye wa tó ń gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ ìwé ní ẹ̀gbẹ́ kóòtù. Ìwé náà yóò wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹnìkejì tó ń dúró láti tẹ tirẹ̀ yóò máa kà á láti ẹ̀yìn, agbẹjọ́rò tí ẹ ń bá jà pàápàá lè wá síbẹ̀ ní ọ̀la. Kí ẹ tó ra àga ìgbàlejò, ẹ kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiyín. Ẹ má fi ìwé oníbàárà ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp láti béèrè ìmọ̀ràn pẹ̀lú orúkọ lórí rẹ̀. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 náà kàn wá.

Ọmọ_ỌjàỌba fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n yára fi ti inú kóòtù kún un. Bí ẹ bá mọ ìdájọ́ kan tó ta ko ti oníbàárà yín ní tààrà, tí ẹnìkejì kò mẹ́nu bà á, ẹ sọ ọ́ fún adájọ́, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ó dí yín lọ́wọ́. Ẹ lè bi ẹlẹ́rìí yín ní ohun tó mọ̀, ẹ lè ṣàlàyé bí wọn ó ṣe máa bi í léèrè, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹni tó bá ní agbẹjọ́rò, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, bí ẹ tilẹ̀ jọ ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ẹ má lọ bá adájọ́ nílé lórí ẹjọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ má gbé ẹjọ́ tó ń lọ lọ́wọ́ lọ sórí Facebook tàbí rédíò láti fi yí ọkàn ènìyàn padà.

Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, màmá ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé yóò kúnlẹ̀ bẹ̀ yín ní iwájú kóòtù màjísíréètì pé kí ẹ ṣe onídùúró fún ọmọ òun. Àánú yóò ṣe yín. Ìlànà kọ̀ ọ́ fún agbẹjọ́rò àti fún ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì rẹ̀, nítorí ọjọ́ tí ọmọ náà bá sá lọ, ẹ̀yin àti oníbàárà yín ti di ọ̀tá níwájú ilé-ẹjọ́ kan náà. Ẹ bá a wá mọ̀lẹ́bí tó lè dúró, ẹ sì bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó dẹ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ onídùúró kí agbára wọn lè ká a.

Àwọn kan yóò tún wá bá yín pé àwọn lè máa mú ẹjọ́ wá láti àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ máa gé díẹ̀ fún àwọn nínú owó iṣẹ́. Ẹ má gbà. A kò gbọ́dọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò pín owó iṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ máa ru ìjà sókè kí a lè rí ẹjọ́ ṣe. Owó oṣù tí ẹ ń san fún akọ̀wé yín kò sí lára èyí.

Agbẹjọ́rò_Ìgbọ̀nà kọ pé:

Ẹ kú àánú mi, Ọlọ́run yóò bá wa san án fún yín. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Àwọn oníbàárà ọ̀gá mi méjì kan ti ní àwọn yóò tẹ̀ lé mi lọ sí Ìgbọ̀nà, nítorí pé èmi ni mo ń dúró fún wọn ní kóòtù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n_ÒkèFìà fèsì pé:

Má ṣe bẹ̀ wọ́n, má sì pè wọ́n lẹ́yìn ọ̀gá rẹ. Bí ó bá jẹ́ àwọn fúnra wọn ló yàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni, ọ̀gá kò lè dá wọn dúró. Kí wọ́n kọ ìwé sí i pé àwọn ń yí agbẹjọ́rò padà. Ìwọ náà kọ tìrẹ sí i, kí o sì bi í bóyá wọ́n ṣì jẹ ẹ́ ní owó iṣẹ́. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, sa gbogbo ipá rẹ kí wọ́n san án. Má gbé fáìlì kankan jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbé e lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o fi ìwé ìyípadà agbẹjọ́rò sílẹ̀ ní kóòtù, kí o fi jíṣẹ́ fún ẹnìkejì, kí o sì kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó ń bọ̀ sínú dáyárì méjèèjì.